Bọ́ọ̀lù Tí Kì Í Ṣe Ti Zoraida

Lọ́sàn-án ọjọ́ àṣekágbá líìgì, Zoraida Lurita jókòó sórí bẹ́ńṣì nínú yàrá ìmúra, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, ó ń wo Don Eleuterio bó ṣe ń wé báńdéèjì mọ́ ọn lórúnkún. Bàbá yìí ló ń fọwọ́ ra àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ fọ́líbọ́ọ̀lù Alborada lára láti ìgbà tí irun ṣì wà lórí rẹ̀. Ó ń wé e, ó ń mi orí. Gbogbo ìgbà tó bá ti mi orí ni Zoraida ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ọmọ mi, orúnkún yìí ń ké lábẹ́ ọwọ́ mi."

"Ẹ jẹ́ kó máa ké, Don Ele. Ṣé ẹ̀rín lẹ fẹ́ kó máa rín ni, pẹ̀lú ohun tójú ẹ̀ ti rí?"

"Mi ò bá ẹ ṣeré o."

"Èmi náà ò bá yín ṣeré. Ẹ wé e kó le sí i."

Bàbá wé e kó le sí i. Àmọ́ ká sọ òótọ́, ọ̀rọ̀ orúnkún yẹn ti kọjá báńdéèjì. Dókítà kan ní Lima, olú ìlú wa, ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kèrékèré inú rẹ̀ ti jẹ tán, ó ní iṣan tó di egungun mú níbẹ̀ ti ń fà ya bí okùn kànga tó gbó. Ó ní bó bá fò tó sì balẹ̀ lódì lẹ́ẹ̀kan péré, fọ́líbọ́ọ̀lù tán nìyẹn, ìrìn gan-an á sì di ìṣòro. Ó ní kó jáwọ́ lójú ẹsẹ̀. Zoraida dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi ìdánrawò. Kò sọ fún kóòṣì, kò sọ fún ìyá rẹ̀. Nélida Cotito nìkan ló sọ fún.

Ẹ má tètè bú u. Ohun tó sọ ọ́ di olórí kunkun wà lókè lọ́hùn-ún láàárín àwọn òǹwòran: ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tí ẹgbẹ́ kan ní Tọ́kì rán wá wá ẹni tí yóò máa gbá bọ́ọ̀lù ní àárín àwọ̀n fún wọn. Ó ti wo Zoraida nínú fídíò, ó ti bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ní àdéhùn ọdún méjì ti wà nílẹ̀, òun kàn fẹ́ fojú ara òun rí i bóyá ó ṣì ń fò bó ṣe ń fò nínú fídíò. Gbogbo ojúgbà Zoraida ló ti ré òkun kọjá. Wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù ní Ítálì àti Rùmáníà, wọ́n sì ti padà wálé pẹ̀lú aṣọ òtútù tí wọn ò rí ibi wọ̀ ọ́ lọ ní Chincha ilé wa tó ń móoru. Nígbà tí wọ́n wá pe òun náà nígbà kan rí, oyún Mayela ti wà nínú rẹ̀. Ó bímọ, ó tọ́ ọmọ, kò sì sẹ́ni tó tún padà wá kan ilẹ̀kùn. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún báyìí. Ó mọ̀ pé bí onírùngbọ̀n yìí bá padà lọ láìmú òun, òun á kọrí sí oko olóko lọ máa ká òwú bí ìyá òun ṣe ń ká a títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀. Ohun tó ń fẹ́ ò pọ̀: kó fò níṣojú ọkùnrin yẹn, kí orúnkún sì dúró títí rẹfirí á fi fun fèrè ìkẹyìn.

Nélida wọlé, ó ti wọ jẹ́sì. Òun ló ń gbé bọ́ọ̀lù sókè fáwọn tó ń gbá a mọ́lẹ̀ nínú ẹgbẹ́ náà. Inú eruku abúlé El Carmen kan náà ni òun àti Zoraida ti dàgbà, òun ló sì gbé Mayela lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìrìbọmi. Látọjọ́ náà ni wọn ò ti pe ara wọn lórúkọ mọ́. Comadre ni wọ́n ń pe ara wọn, bó ṣe yẹ ìyá ọmọ àti ìyá ìsàmì ọmọ lọ́dọ̀ wa.

"Don Ele, profe ń pè yín níta," ni Nélida wí. Profe ni wọ́n ń pe kóòṣì wọn. Irọ́ ló pa, kò sẹ́ni tó pè é. Bàbá jáde.

"Comadre, àbí o ò mọ̀ pé o ń tiro ni?"

"Mi ò tiro. Mò ń yan ni."

"O ń yan. Pẹ́pẹ́yẹ náà ń yan."

"Ìyá ẹ ló ń yan bíi pẹ́pẹ́yẹ."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, àmọ́ ti Nélida ò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Zoraida, ó gbé ọwọ́ lé báńdéèjì náà. "Jẹ́ kí n sọ fún profe. Kí ó fi ẹlòmíì síbẹ̀. Kí n sọ fún onírùngbọ̀n pé ibà ń ṣe ẹ́, kí ó padà wá wò ẹ́ nígbà míì."

"Ó máa padà wá? Láti Tọ́kì? Nítorí ibà?"

"Comadre, ẹsẹ̀ ni mò ń sọ."

"Orí Mayela lo fi búra pé o ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, Nélida." Bó bá ti fi orúkọ pè é báyìí, ọ̀rọ̀ ti le nìyẹn. Nélida mí kanlẹ̀, ó dìde.

Wọ́n ti wá ọgbọ́n kan dá sí i tẹ́lẹ̀. Kí bọ́ọ̀lù tó wọlé, Nélida máa ń dúró sẹ́bàá àwọ̀n, á fi ọwọ́ sẹ́yìn kí àwọn tòdìkejì má bàa rí i, á sì fi ìka sọ fáwọn tirẹ̀ ibi tí bọ́ọ̀lù máa gbà. Ìka kan, Zoraida ló ni ín. Ìka méjì, ti Fiorella ni, ọmọ kékeré kan tó lágbára lápá bí ẹṣin, tó ń gbá a láti etí pápá. Ìkúùkù ò sí nínú àmì wọn rí. Àwọn méjèèjì ló dá a sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ dókítà. Bí Nélida bá di ọwọ́ ní ìkúùkù lẹ́yìn, Zoraida á sáré wá sídìí àwọ̀n bí ẹni tó fẹ́ fò, á gbé apá, àmọ́ kò ní fò; Fiorella ni bọ́ọ̀lù máa lọ bá.

"O rí ìkúùkù, ẹsẹ̀ ẹ ò gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀. A gbọ́ra wa?"

"A gbọ́ra wa."

"Màá fún ẹ ní èyí tó máa tó onírùngbọ̀n ẹ lójú. Ìyókù, ilẹ̀ lo wà."

"Mo ní a gbọ́ra wa, comadre. Àbí kí n kọ ọ́ síwájú orí?"

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wọ́ ni pé ọmọ El Carmen ni Zoraida. Olóògbé Profe Amadeo ló kọ́ gbogbo wọn ní bọ́ọ̀lù, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tó ti so okùn mọ́ igi huarango méjì nítorí pé kò sówó àwọ̀n. Àwọn kóòṣì ibòmíì á kọ́kọ́ kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù. Bàbá yìí ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí bọ́ọ̀lù ò ní bá ni ó ń kọ́. Á mú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ́wọ́, á máa pariwo pé, "Ẹ̀yin tí mi ò fún, ẹ fò ju ẹni tí mo fún lọ! Bí ẹ ò bá fò, ta lẹ fẹ́ tàn jẹ, èmi àbí ìyá yín?" Ẹni tó bá fò gọ́ọ́gọ́ọ́ bí aláìsàn, ọ̀pá á bà á ní ojúgun. Ìdí nìyẹn tí ẹnì kankan kì í fi í mọ̀, bí ọmọ El Carmen bá fò, bóyá tirẹ̀ ni bọ́ọ̀lù àbí tẹlòmíì. Ẹ bi wọ́n ní Lima, wọ́n á sọ fún yín, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti tọ́ ìkorò rẹ̀ wò. Láti kékeré ni Zoraida ti ń fò báyẹn. Òun àti Nélida wá rò pé ìkúùkù tí àwọn dá sílẹ̀ láìpẹ́ yìí á mú un dúró sílẹ̀. Ó dùn mí pé ọgbọ́n wọn ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní abala kìíní, nǹkan lọ dáadáa. Nélida nawọ́ ìka kan, Zoraida gòkè, ó gbá bọ́ọ̀lù náà mọ́lẹ̀ láàárín obìnrin méjì tí wọn ò tíì gbé apá dé òkè. Gbọ̀ngàn eré náà pariwo. Ó wo òkè, ó rí onírùngbọ̀n tó gbé fóònù rẹ̀ dání, tó ń ya fídíò. Orúnkún ta á, ó gbé e mì. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé láti tiro.

Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ Miramar tí wọ́n jọ ń figa gbága kì í ṣe ọ̀dẹ̀. Kápútẹ̀nì wọn, Brunella, obìnrin gíga kan tí ẹnu rẹ̀ ò dákẹ́ rí, ló kọ́kọ́ fura. Ó rí i pé nígbà míì, eléyìí á sáré wá sídìí àwọ̀n, á na apá, ẹsẹ̀ á wà nílẹ̀.

"Ẹ fi màmá yẹn sílẹ̀!" ló ń pariwo fáwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. "Epo ti tán nínú ẹ̀! Ẹ jẹ́ ká jọ dojú kọ ọmọ kékeré yẹn! Màmá, ṣé kí wọ́n bá yín gbé àga wá?"

"Gbé e wá," ni Zoraida dá a lóhùn láti abẹ́ àwọ̀n, "kí n fi jókòó lé ẹ lórí."

Ẹnu nìkan ló fi jà. Ní gbogbo abala tó tẹ̀ lé e, ibikíbi tí Fiorella bá ti fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, apá mẹ́rin ló ń pàdé rẹ̀ lókè, torí kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ Zoraida mọ́. Ọmọ náà gbá a títí, ó fẹ́ẹ̀ sunkún. Àwọn Miramar bá wọn dọ́gba, ó wá ku abala àṣekágbá nìkan. Profe Hortensia, kóòṣì wọn, pè wọ́n jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá.

"Zoraida, kí ló ń ṣe ẹ́? O ń sáré wá síbẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé ìkòkò sórí iná. Bí o ò bá ní fò, sọ, kí n fi ẹlòmíì síbẹ̀. Mo ní àwọn tó ń bẹ̀ mí."

"Màá fò, profe."

"Ó rẹ̀ ẹ́ ni?"

"Kò rẹ̀ mí, profe. Màá fò."

Nélida la ẹnu. Zoraida wò ó, ojú yẹn ò ní ìtumọ̀ méjì, orúkọ Mayela ló wà nínú rẹ̀. Nélida bá gbé ike omi, ó fi omi dí ẹnu ara rẹ̀. Nígbà tí Zoraida tún wo òkè, onírùngbọ̀n ti ki fóònù sápò, ó káwọ́ mọ́ àyà, ó ń bá ẹni tó jókòó tì í sọ̀rọ̀. Zoraida ní sínú ara rẹ̀ pé ọkùnrin yìí ti ń lọ.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ abala ìkẹyìn. Nélida di ọwọ́ lẹ́yìn. Zoraida rí i, ó sì fò. Ó fò bí ìgbà tí ọ̀pá Profe Amadeo wà lẹ́yìn rẹ̀. Brunella bá a gòkè, ẹnu yà á, bọ́ọ̀lù sì kọjá lọ bá Fiorella, ó gbá a sórí ilẹ̀ tí kò sẹ́nìkan.

"Comadre, ṣé ojú ẹ fọ́ ni?" Nélida sọ ọ́ wẹ́rẹ́ sí i létí.

"Ojú mi là kedere."

"Mo di ọwọ́."

"Mo rí i."

"Wàá fọ́ ẹsẹ̀ yìí níṣojú mi lónìí!"

"Gbé bọ́ọ̀lù ẹ, jọ̀ọ́, kí o yé sọ̀rọ̀ bí ìyàwó àlùfáà."

Nélida tún di ọwọ́, Zoraida tún fò. Nígbà tó yá, Nélida nawọ́ ìka kan fún un lẹ́ẹ̀mejì, ó gbá méjèèjì mọ́lẹ̀, fóònù onírùngbọ̀n sì tún jáde. Ó ti wá di pé àwọn Miramar ò mọ ẹni tí wọ́n máa dojú kọ mọ́. Ìrora ti kúrò lórúnkún, ó ti gba itan dé ìbàdí. Zoraida ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ ọmọ tó ń sunkún: ó kù díẹ̀, jọ̀ọ́, ó kù díẹ̀.

Ó wá ku bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo kí ẹgbẹ́ Alborada gba ife. Gbogbo gbọ̀ngàn dìde dúró. Nélida lọ sídìí àwọ̀n, ó fi ọwọ́ sẹ́yìn. Zoraida ń retí ìka kan. Bọ́ọ̀lù yìí ni gbogbo ayé máa wò, òun ni onírùngbọ̀n máa gbé lọ sí Tọ́kì nínú fóònù rẹ̀. Nélida di ọwọ́. Zoraida wo ìkúùkù náà, ojú rẹ̀ korò, ó sì dùn ún wọnú egungun. Ó ní sínú pé, comadre mi, ìwọ náà?

Bọ́ọ̀lù wọlé. Wọ́n gbà á dáadáa, ó lọ bá Nélida lọ́wọ́. Zoraida sáré wá, ó fò. Àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà sọ pé àwọn ò rí i kó fò tó bẹ́ẹ̀ rí, kódà nígbà tó ṣì wà lọ́mọ ogún ọdún. Ó gbé apá, ó la ojú sí bọ́ọ̀lù tí kò ní bá a, ó sì mú kí Brunella àti èkejì rẹ̀ gbà á gbọ́ pátápátá. Àwọn méjèèjì bá a gòkè. Bọ́ọ̀lù gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Fiorella dá nìkan wà létí pápá lọ́hùn-ún, kò sí apá kankan níwájú rẹ̀.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló kọ́kọ́ balẹ̀. Zoraida gbọ́ nǹkan tó já nínú ara rẹ̀ kó tó mọ ìrora rẹ̀. Ó ṣubú. Lákòókò kan náà ni rẹfirí fun fèrè, ariwo sì bo gbogbo ilé náà.

Gbogbo wọn sáré lọ bá Fiorella. Àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì fò wọnú pápá, Profe Hortensia ń sunkún ayọ̀, Don Eleuterio ń fi táwẹ́ẹ̀lì jó. Ibi tí bọ́ọ̀lù lọ ni ojú gbogbo ènìyàn lọ, ohun tí ìfò yẹn sì wà fún nìyẹn. Zoraida pè wọ́n, òun gan-an ò gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Brunella ló rí i. Obìnrin tó ti ń bú u láti ọ̀sán gba abẹ́ àwọ̀n wọlé, ó kúnlẹ̀ tì í, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí rẹ̀ mú.

"Má dìde, màmá. Má wo ẹsẹ̀ ẹ. Èmi ni kí o máa wò."

Ẹ̀yìn ìyẹn ni Nélida já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń dì mọ́ ọn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń wá a kiri. "Comadre! Comadre, a ti..." Ó rí i. Ó dúró sójú kan.

"Mo di ọwọ́!" ló ń pariwo. "Mo di ọwọ́ fún ẹ!"

"Mo rí i," ni Zoraida wí. Eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. "Ká ní mi ò fò ni, àwọn méjèèjì ì bá lọ bá Fiorella."

Onírùngbọ̀n kò dúró wo bí wọ́n ṣe gbé ife fún wọn. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti mú Fiorella lọ. Ẹni àárín àwọ̀n ló wá wá, ẹni etí pápá ló mú, torí pé bí ọmọ yẹn ṣe rí àyè gbá bọ́ọ̀lù ìkẹyìn náà wú u lórí. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún Zoraida, wọ́n tún un ṣe. Orúnkún náà ò ká mọ́. Ó padà sí El Carmen lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àti Mayela, ó ń fi ọ̀pá rìn. Oko òwú tó ń bẹ̀rù gan-an ò tún gbà á mọ́, nítorí kò lè bẹ̀rẹ̀.

Ó pẹ́ kí Nélida tó wá. Ọjọ́ Sunday kan ló dé, ó gbé àpò ẹ̀wà pallares lọ́wọ́, ó kí ìyá Zoraida, ó dì mọ́ Mayela. Wọ́n jọ lọ jókòó nídìí ìsọ̀ Doña Petronila tó ń din picarones, àkàrà olóyin, nígun òpópónà, níbi tí tẹlifíṣọ̀n kan ti ń ṣiṣẹ́ látàárọ̀. Wọ́n jẹ. Oyin ń kán sí Nélida lọ́wọ́, kò nù ún.

"Mo fẹ́ bi ẹ́ ní nǹkan kan," ni Zoraida wí. "Má purọ́ fún mi."

"Mi ò ní purọ́."

"Ìkúùkù ìkẹyìn yẹn. Ṣé o rò pé mi ò ní fò?"

Nélida gbé àwo rẹ̀ sílẹ̀. "Mo mọ̀ pé wàá fò."

"O mọ̀."

"O ti ń fò láti ìbẹ̀rẹ̀ abala yẹn. Mo di ọwọ́ kí ẹ̀rí ọkàn mi lè simi, àmọ́ nígbà tí bọ́ọ̀lù dé ọwọ́ mi, ìfò ẹ ni mo gbé e lé. Mo mọ̀ pé wọ́n máa bá ẹ gòkè. Comadre, mo fẹ́ kí á gba ife yẹn. Dárí jì mí."

Zoraida ò bú u. Ká ní ó bú u ni, ì bá sàn fún àwọn méjèèjì. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ gún ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ká ní o fún mi ni," ló wí níkẹyìn. "Ẹsẹ̀ tó máa já á ṣáà já. Kó já lórí bọ́ọ̀lù tèmi. Ìyẹn nìkan ni mi ò lè gbé mì."

Nélida bẹ̀rẹ̀ sí sunkún láìpariwo. Doña Petronila tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ bá kígbe, ó ń na ìgbákọ sí tẹlifíṣọ̀n. Líìgì tuntun máa bẹ̀rẹ̀, ìpolówó rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe, bọ́ọ̀lù tó gba ife ọjọ́ yẹn ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ wò ó, ẹ̀yin rèé! Nélida rèé. Zoraida, ìwọ dà?"

Zoraida na ọ̀pá sí i. "Èmi nìyẹn tó ń bọ̀ yẹn."

Nínú àwòrán náà, ó sáré wá, ó gbé apá, ó gòkè, ó gòkè kọjá àwọ̀n, obìnrin méjì bá a gòkè. Kámẹ́rà wá tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù lọ bá Fiorella, ó gbá a mọ́lẹ̀, gbogbo wọn dì mọ́ ọn, ìwé wínníwínní ń bọ́ látòkè. Wọn ò padà sí àárín àwọ̀n mọ́.

"Ọmọ yìí, o mọ̀ ọ́n fò o!" ni Doña Petronila wí. "Wọ́n tún máa fi hàn, ẹ dúró. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń fi hàn."

Wọ́n tún fi hàn lóòótọ́. Zoraida tún gòkè, kò sì balẹ̀. Lórí àga tó jókòó sí, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti di orúnkún ọ̀tún mú, ó ń dúró de ìgbà tó máa balẹ̀.